Ìjàpá Àlòkù: Owó Tí Ẹ Fi Rà Á Kọ́ Ni Owó Rẹ̀

Lẹ́tà kan wọlé sí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin ló kọ ọ́, gaàrí ló ń tà. Ó ní ká má dárúkọ òun, a ò sì ní í dá a. Bàálé rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, rí ọkọ̀ ìjàpá kan lágbàlá ilé olóògbé kan ládùúgbò wọn. Ẹ mọ ìjàpá tí mò ń wí: Volkswagen Beetle, ọkọ̀ elẹ́yìn roboto tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rọ, koríko ti gba abẹ́ rẹ̀, adìẹ ti ń yé ẹyin sórí àga ẹ̀yìn. Ọmọ olóògbé fẹ́ tà á, owó tó sì dá lé e kò pọ̀. Bàálé wá ní kí ìyá oní-gaàrí mú owó àjọ tó fẹ́ kó lóṣù yìí wá, káwọn fi rà á. Ó ní tí òun bá tún un ṣe tán, gbogbo Ìjẹ̀bú ni yóò dúró wò ó. Ìyá wá ń bi wá pé: ṣé orí bàbá àwọn ọmọ òun pé báyìí?

Ìyá wa, orí wọn pé. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni irú ìfẹ́ yìí ti mú, níbí àti lókè òkun. Ṣùgbọ́n kí orí pé ọ̀tọ̀, kí ìṣirò pé ọ̀tọ̀. Ìṣirò yẹn la fẹ́ jọ ṣe lọ́sẹ̀ yìí, torí kì í ṣe ilé yín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé ilé àwọn àgbà kiri, ẹ ó rí ìjàpá, ẹ ó rí Peugeot 504, ẹ ó rí Mercedes àtijọ́ tí ewéko ti bò. Ẹnìkan fẹ́ rà á, ẹnìkan fẹ́ tà á, àwọn tó ń kiri ra irin àlòpatì sì ti ń wọ̀n ọ́n lójú.

KÍ NI WỌ́N RÍ LÁRA ÌJÀPÁ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ ò nílò àlàyé. Ẹ̀yin ọmọdé ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, ìjàpá sì wà lára ohun tí wọ́n ń tò níbẹ̀. Wọn ò to ọkọ̀ níbẹ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀, Volks ni wọ́n ṣì ń pè é. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba, oníṣòwò kòkó, ìjàpá ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ fi mọ ọkọ̀ wà. Ní Jámánì, wọ́n dáwọ́ ṣíṣe é dúró lọ́dún 1978. Ní Mẹ́síkò, níbi tí wọ́n ti ṣe é gbẹ̀yìn, ó di oṣù keje ọdún 2003 kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde. Àpapọ̀ gbogbo ìjàpá tí wọ́n ṣe láyé lé ní mílíọ̀nù 21.

Ẹ má sì wò ó pé ọkọ̀ tálákà ni. Ferdinand Porsche ló ṣètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ìjàpá. Orúkọ ìdílé rẹ̀ yẹn náà ló wà lára ọkọ̀ asáré táwọn olówó ń gùn lónìí. Porsche 356, àkọ́kọ́ nínú wọn, tó jáde lọ́dún 1948, ẹ̀yà ara ìjàpá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Karmann Ghia, ọkọ̀ asáré rèǹtè-rente tí Volkswagen gbé jáde lọ́dún 1955, orí ìsàlẹ̀ ìjàpá ni wọ́n gbé e kà, ẹ́ńjìnnì ìjàpá ló sì ń tì í. Nítorí náà, bí bàbá bá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ tó bá ti rí ìjàpá, ẹ má bínú. Bàbá àwọn ọkọ̀ asáré ló rí.

ẸṢIN OJÚDE ỌBA

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ lọ sí Ojúde Ọba, ẹ wo àwọn ìdílé Balógun lórí ẹṣin. Ẹ wo aṣọ, ẹ wo ìlù, ẹ wo bí ẹṣin ṣe ń jó. Ta ló ń fi ẹṣin yẹn ru gaàrí lọ sọ́jà? Kò sí! Iyì ilé ni. Àmọ́ ẹṣin kì í jẹun lọ́jọ́ Ojúde Ọba nìkan. Ojoojúmọ́ ló ń jẹun, ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ ìtọ́jú.

Ẹṣin ni ìjàpá àlòkù. Bẹ́ ẹ bá rà á, iyì lẹ rà, ẹ ò ra òwò. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ó fi ṣe kabúkabú kí owó àtúnṣe lè padà, ẹ ní kó lọ ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo wa la mọ ohun tójú wa rí nílé epo. Ìjàpá tó bá tiẹ̀ le dáadáa, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Èkó, yóò mu tó lítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ní àlọ nìkan. Kò sì lè gba èrò tó pọ̀. Iyì dára. Kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má níyì. Ṣùgbọ́n owó iyì ò gbọdọ̀ jẹ́ owó òwò.

TA LÓ NI ỌKỌ̀ NÁÀ?

Ìyá kọ ọ́ sí lẹ́tà pé ọmọ olóògbé ló ń tà á. Ọmọ wo? Ọmọ mélòó ni olóògbé bí? Ìyàwó mélòó ló fẹ́? Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọkùnrin tó fẹ́yàwó nílàna ìbílẹ̀ bá kú, tí kò kọ wíìlì sílẹ̀, ohun ìní rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pátá. Bóyá ìdí-igi ni wọ́n máa fi pín in, bóyá orí-ò-jorí, ọmọ kan ò lè dá a tà. Ẹ ó sì rí i pé nígbà tí ọkọ̀ wà lábẹ́ máńgòrò, kò sẹ́ni tó bojú wò ó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dán, tó ń kọ mọ̀nà, ọjọ́ yẹn ni àbúrò olóògbé yóò rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ti ṣèlérí rẹ̀ fún òun. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ tó wà ní Ìbàdàn yóò dé. Ẹni tó ti náwó sí i ló máa ń lọ sí kóòtù.

Nítorí náà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jókòó pẹ̀lú olórí ẹbí àti ọmọ kan láti ọ̀dọ̀ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba ìwé ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè ìwé ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé àga ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n lù ú mọ́ ara irin gàdàgbà tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò jókòó sí. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, ẹ fi wọ́n wé ti inú ìwé. Tí ti ẹ́ńjìnnì bá yàtọ̀, kò túmọ̀ sí olè, torí ọ̀pọ̀ ìjàpá ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi rìsíìtì hàn yín. Tí nọ́ńbà ara ọkọ̀ bá yàtọ̀, ẹ gbé àpò yín, ẹ máa lọ sílé. Tó bá bára mu, ẹ gbé e dé ọ́fíìsì láísẹ́nsì àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta gaàrí sílẹ̀ láti wo bóyá ó gbẹ, ẹ má jẹ́ kí bàálé yín ra ọkọ̀ láìwo ìwé.

Ẹ MÁ GBỌ́ OHÙN Ẹ́ŃJÌNNÌ, Ẹ WO ILẸ̀

Ẹni tó ń ta ìjàpá mọ ohun tó ń ṣe. Yóò ti wá bátìrì yá, yóò ti da epo díẹ̀ sẹ́nu kábúrétọ̀, yóò wá ta á. Nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn yẹn, tàkà-tàkà-tàkà, inú yín yóò dùn, ẹ ó sì kówó kalẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mú yín!

Ẹ́ńjìnnì ìjàpá kì í ṣe ìṣòro. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíá. Mẹ́káníìkì tó mọ̀ ọ́n àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí ìrẹsì tó jinná. Wọ́n lè tú u palẹ̀ lórí tábìlì, kí wọ́n tún un tò. Ohun tó ń pa ìjàpá ni dídógùn-ún. Irin tó ti jẹrà kò ṣeé tú, kò ṣeé tò, àfi kéèyàn gé e kúrò, kó jó tuntun mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ.

Ibi tẹ́ ẹ máa wò nìyí. Àkọ́kọ́ ni abẹ́ àga ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, níbi tí bátìrì ń gbé. Omi bátìrì máa ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, títí tẹ́ ẹ fi máa rí koríko láti inú ọkọ̀. Èkejì ni àwọn àpótí irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, lọ́tùn-ún lósì. Àwọn òyìnbó ń gba ooru nínú wọn nígbà òtútù. Àwa ò nílò ooru kankan, ṣùgbọ́n àwọn irin yẹn ni ọ̀pá-ẹ̀yìn ọkọ̀. Tí wọ́n bá ti jẹrà, ọkọ̀ ti ṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tì í. Tí ilẹ̀kùn ò bá tì dáadáa mọ́, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ̀kẹta ni ibi tí táyà àpaàrọ̀ ń gbé níwájú.

Ẹ mú òòfà dání, irú èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́. Ẹ fi aṣọ wé e, kó má ba ọkọ̀ jẹ́. Ẹ máa fi kan ara ọkọ̀ kiri. Ibi tó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ibi tí kò bá lẹ̀, pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò, wọ́n wá kun ún lọ́dà. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kẹ́ ẹ fi orí sikurudiráfà ti ilẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń kígbe pé kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀, òun gan-an ló ti sọ ibi tí ihò wà.

KÓ MÁ JÓ YÍN MỌ́LÉ

Ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dáadáa. Táńkì epo ìjàpá wà níwájú, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Róbà tó ń gbé epo dé ibi ẹ́ńjìnnì máa ń gbẹ, á là, epo á máa kán sórí irin gbígbóná. Ọ̀pọ̀ ìjàpá ló ti jóná báyẹn. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ti jókòó fún ọdún mélòó kan, ẹ má ta á rárá títí ẹ ó fi pààrọ̀ gbogbo róbà epo. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Èkejì, àwọn wáyà spring inú àga ẹ̀yìn lè fara kan orí bátìrì nígbà tí ẹni tó wúwo bá jókòó. Iná á ṣẹ́, àga á gbiná. Ẹ rí i pé ìdérí wà lórí bátìrì.

Ẹ̀kẹta, ìjàpá ò ní ráíètọ̀, kì í mu omi. Fáànù ló ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tútù, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí fáànù náà. Tí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn níwájú yín. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀! Ẹ má sọ pé ẹ ó rọra dé ilé. Ẹni tó ní ṣókí ló kù, ẹ́ńjìnnì ló máa rà. Ọ́ìlì rẹ̀ ò ju lítà méjì ààbọ̀ lọ, torí náà ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ déédéé, ní gbogbo 5,000 kìlómítà, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bíréèkì ńkọ́? Ọkọ̀ tó jókòó pẹ́, bíréèkì rẹ̀ ti dì. Táyà rẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá tiẹ̀ ṣì mú, róbà rẹ̀ ti kú. Ẹ má wà á lọ sílé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ míì gbé e.

ÈWO LÓ KỌ́KỌ́, ÈWO LÓ KẸ́YÌN?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á kọ́kọ́ kun ọkọ̀ lọ́dà, torí wọ́n fẹ́ kí àdúgbò rí i. Lẹ́yìn oṣù méjì, wẹ́dà á dé, iná rẹ̀ á jó ọ̀dà tuntun. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: wẹ́dà àti pánẹ́ẹ̀lì-bítà ló kọ́kọ́, kí wọ́n parí gbogbo ilẹ̀ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn. Bíréèkì àti ọ̀nà epo ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ni onírìwáyà. Ọ̀dà ló tẹ̀ lé ìyẹn, àga àti òrùlé inú ló sì kẹ́yìn.

Ẹ má san owó lápapọ̀ fún oníṣẹ́ kankan. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin náà mọ̀. Kí wọ́n sọ iṣẹ́ ní ìpele-ìpele, bí ìpele kan bá parí, kí owó rẹ̀ jáde. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá tú, ẹ kó o sínú agolo mílíìkì, ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára. Ẹ má sọ ẹ̀yà àtijọ́ kankan nù, àní bó bá dógùn-ún, títí tuntun yóò fi bá ojú rẹ̀ mu. Fún ẹ̀yà, ẹ lè wá a lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin, sí Òwòdé Onírin, tàbí sí Gate n'Ìbàdàn. Àwọn ìléeṣẹ́ lókè òkun ṣì ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ìjàpá tuntun, nítorí náà ohun tẹ́ ẹ bá wá tì níbí, ọmọ tó ń bọ̀ nílé lè bá yín mú un dání.

Àmọ́ ohun tó wọ́n ju ẹ̀yà lọ ni ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ iṣẹ́ òde òní mọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ tòkunbọ̀ wò, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé kábúrétọ̀ fún un, yóò máa wò ó bí ẹni rí iwin. Àwọn àgbà mẹ́káníìkì tí wọ́n ń fi etí lásán mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ń dàgbà, wọ́n ń lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ìjàpá kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ kí wọ́n wá wò. Ọkọ̀ tó rọrùn láti yé ènìyàn ni. Lọ́dún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, sọ ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá mọ bí ti àtijọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló lè yí i padà.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ ÀJỌ

Ó ku owó. Òfin kan ni mo ní: ẹ pín owó tó wà nílẹ̀ sí mẹ́ta. Ìdá kan ni kẹ́ ẹ fi ra ọkọ̀, ìdá méjì kó dúró de àtúnṣe. Tí owó ríra bá ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ló kù díẹ̀ kí wọ́n fi ta á. Wọ́n bi Ìjàpá pé ìgbà wo ni yóò ti àjò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ tí owó wá tán lórí rẹ̀. Kò ní í rìn, kò ní í ṣeé tà, ojoojúmọ́ ni tọkọtaya á sì máa tìtorí rẹ̀ jà.

Ìyá wa oní-gaàrí, ẹ má mú owó àjọ yẹn sílẹ̀. Òun lẹ fi ń ra ọjà, òun lẹ fi ń san owó iléèwé. Bí ọjà bá wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìjàpá abẹ́ máńgòrò kò ní í fún yín ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bàbá ṣẹ̀sín lójú àwọn ọmọ. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ alẹ́, kẹ́ ẹ ka ìwé yìí sí wọn létí.

Bàbá, ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́. Ẹ lọ bá ẹbí olóògbé, kí gbogbo wọn pé. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì ta ọkọ̀ fún onírin. Ẹ fi owó tiyín, kì í ṣe owó ìyàwó, ra páànù mélòó kan, kẹ́ ẹ fi ṣe ìbòji fún un kí òjò má lù ú mọ́, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi búlọ́ọ̀kù gbé e kúrò nílẹ̀ tútù. Àtúnṣe tó rọ̀jù nìyẹn. Ẹ wá máa tọ́jú owó tẹ́ ẹ ń rí nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì rántí pé télọ̀ ni yín: àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti òrùlé inú ọkọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ lè rán an. Owó oníkúṣọ́ọ̀nù ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ kì í gé aṣọ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n; ẹ má ra ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó fi òòfà kàn án.

Ẹ̀yin ọmọ olóògbé gbogbo, ọ̀rọ̀ yín ló kù. Onírin àlòpatì ń fi kílò ra ohun tí bàbá yín fi ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rà. Kẹ́ ẹ tó gbé e sórí ìwọ̀n rẹ̀, ẹ pe mẹ́káníìkì àgbà kan wá wò ó. Tí ọ̀pá-ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti jẹrà tán, ẹ tú ẹ̀yà tó dára lára rẹ̀, torí wọ́n ń wá a, kẹ́ ẹ tó ta ìyókù. Tó bá ṣì le, ẹ ta á fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe, pẹ̀lú ìwé.

Ẹ̀yin mẹ́káníìkì Ìjẹ̀bú tẹ́ ẹ ṣì ń tún ìjàpá ṣe, ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ẹ sọ àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù yín wà àti ọmọ iṣẹ́ mélòó lẹ ń kọ́ ní kábúrétọ̀. A ó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ewé lẹ́tà, kí bàbá télọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n máa gbé ti wọn wá lọ́jọ́ tówó bá pé.